Ọmọ mi ní òun “hangry”: ṣé ọ̀rọ̀ gidi ni, àbí àwáwí?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Leeds ni mo ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìbejì mi, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Táyé ò ní wàhálà, Kẹ́hìndé ni olórí ẹjọ́. Bó bá ti ilé ìwé dé báyìí, ojú rẹ̀ á ti le koko. Bí mo bá bi í pé báwo ni ilé ìwé, á kàn kùn bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Bí Táyé bá fọwọ́ kan báàgì rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi agbára gbá ilẹ̀kùn dé, àwòrán ìgbéyàwó wa já bọ́ lára ògiri. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀? Ó ní, “Sorry Mummy, I'm just hangry.”

Bàbá wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, gbọ́ ọ láti pálọ̀. Wọ́n fò dìde. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbí nìyẹn, kí ọmọ ya ìyàkuyà tán, kó wá fi gẹ̀ẹ́sì bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn lò ní Ìbàdàn, ọmọ náà ló hùmọ̀ rẹ̀. Èmi ò mọ ẹni tí mo máa gbè lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ gidi ni? Níbo ló ti wá? Ṣé kí n gbà kó máa sọ ọ́ sí mi, àbí kí n ti yáa ká a lọ́wọ́ kò kó tó mọ́ ọn lára?

— Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn á dàgbà, wọ́n á dògbó. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, torí àwọn náà ní ìpín nínú ìdáhùn yìí.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ Bàbá Ìbejì ò purọ́: nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí gbogbo wa gbé lọ sílé ìwé nígbà náà, kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2018 ni àwọn ará Oxford tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé. Wọ́n gbé hungry, wọ́n gbé angry, wọ́n fún méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan: ẹni tó ń kanra nítorí pé ebi ń pa á. Lóṣù kan náà yẹn ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí ń lò láàárín ara wọn wọlé, àwọn ìyá orí Mumsnet, ìkànnì ayélujára àwọn òbí níbí, ni wọ́n sì béèrè àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kì í ṣe Kẹ́hìndé ló hùmọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnu tíṣà rẹ̀ gan-an ló ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ibi tó ti kọ́kọ́ fara hàn nínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Oxford ṣe tọ́ka rẹ̀, ni ọdún 1956, nínú American Imago, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ọkàn ènìyàn, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò bí àwa ènìyàn ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, yálà a mọ̀ọ́mọ̀ tàbí ó yọ lẹ́nu wa. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì níbí báyìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rúndún tuntun yìí ló wá jí, tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì Snickers náà dá kún un nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolówó wọn lọ́dún 2010, èyí tó ń sọ pé bí ebi bá ń pa ọ́, ìwọ kọ́ nìyẹn mọ́. Gbólóhùn yẹn ò tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń fi hàn.

Fífún ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ báyìí kì í ṣe tuntun sí Gẹ̀ẹ́sì. Brunch wà láti 1895, ìyẹn oúnjẹ àárọ̀ tó wọ ọ̀sán. Lewis Carroll, olùkọ́ ìṣirò ní Oxford tó ń kọ ìtàn fún ọmọdé, ló fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ lọ́dún 1871: ó ní wọ́n dà bí portmanteau, àpótí ìrìn-àjò alápá méjì tó pa dé di ẹyọ kan. Nígbà tó sì di 1876, ó ṣe àlàyé ọ̀kan tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀, frumious. Fuming àti furious ló lọ̀ pọ̀, ìbínú àti ìbínú! Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fi díẹ̀ tẹ̀ sí fuming, fuming ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá tẹ̀ sí furious, furious ni. Àmọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà ní déédéé gan-an, tí ẹ̀bùn rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, frumious ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá orúkọ fún oríṣiríṣi ìbínú tipẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé hungry àti angry ò bá ara wọn tan rárá. Ìró lásán ló pa wọ́n pọ̀. Hunger jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fúnra wọn. Anger ní tirẹ̀, èdè àwọn Viking ló ti wọlé, àwọn ará òkun àríwá tó gba York lọ́dún 866, York tí kò jìnnà sí ilé yín yẹn náà. Lẹ́nu wọn, angr ò tíì jẹ́ ìbínú. Ìbànújẹ́ ni, ìdààmú ni, ohun tó ń ni ènìyàn lára. Mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ Látìn kan ni, èyí tó túmọ̀ sí kí a fún nǹkan pinpin, èyí tó bí angina, àìsàn tí àyà fi ń fún ènìyàn. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá di ìbínú. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọ yín ní òun “hangry”, ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ti fìgbà kan jẹ́ ìnira, kì í ṣe àrífín.

Àlọ́ kan tilẹ̀ wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ń dààmú ara wọn láti 1975: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló parí sí -gry nínú Gẹ̀ẹ́sì, angry ni ọ̀kan, hungry ni èkejì, kí ni ẹ̀kẹta? Ènìyàn á ronú títí orí á fẹ́ fọ́, torí pé kò sí ẹ̀kẹta kankan tí ọmọ ilé ìwé ń lò. Ó ti wà báyìí. Ẹ pa á fún Kẹ́hìndé lọ́jọ́ tó bá yó.

Kí wọ́n tó mọ ohunkóhun nípa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rónro ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ń dá lẹ́bi fún ìkanra. Galen, oníṣègùn ará Gíríìsì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, kọ́ wọn pé omi ara mẹ́rin ló ń darí ìwà ènìyàn: ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀rónro aláwọ̀ ìyeyè àti ọ̀rónro dúdú. Ẹni tí ọ̀rónro ìyeyè bá pọ̀ lára rẹ̀, onínúfùfù ni. Wọ́n gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, inú rẹ̀ sì ni bilious àti choleric ti wá, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń fi bú àgbàlagbà tó ń jágbe kiri. Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù tí ẹ máa gbọ́ nílé ìwé, grumpy, stroppy, cranky tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, bí ọmọ ṣe rí nìkan ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ ohun tó fà á. Ohun tí hangry fi yàtọ̀ nìyẹn: bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe.

Lédè tiwa, ìkanra ni, kì í ṣe ìbínú gan-an. Ìbínú ní ẹni tó ń lé. Ìkanra ò ní. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn ló máa ń gbá mú. Ìdí tó fi jẹ́ pé Táyé ló ń jìyà nìyẹn, torí òun ló wà nítòsí.

Ṣé òótọ́ ni pé ebi ń fa á? Àwọn àgbà wa ti parí ọ̀rọ̀ yẹn, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń pa á lówe láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ẹni tí ebi ń pa, ẹni tínú ń bí ni. Ní ti ara, ọpọlọ nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń lò nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, ara á tú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol jáde kó lè fà á padà sókè. Àwọn kan náà ló sì ń tú jáde nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rù tàbí tó bá fẹ́ jà. Lọ́dún 2022, Viren Swami ti Yunifásítì Anglia Ruskin níbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àgbàlagbà 64 máa fi fóònù wọn sọ bó ṣe ń ṣe wọ́n, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ 21. Bí ebi ṣe ń pọ̀ ni ìkanra àti ìbínú ń pọ̀, tí inú dídùn sì ń dín kù.

Àmọ́ ìwádìí kan wà tó tan mọ́ ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ju ìyẹn lọ. Jennifer MacCormack àti Kristen Lindquist ló ṣe é, ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, ó sì jáde lọ́dún 2018. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní igba jọ. Àwọn kan ti jẹun, àwọn kan fi inú òfìfo wá. Wọ́n wá ní kí àwọn kan nínú wọn kọ́kọ́ jókòó kọ nǹkan tó máa mú wọn ronú lórí bí nǹkan ṣe ń rí nínú ọkàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé iṣẹ́ kan tó ń súni fún gbogbo wọn lórí kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ ṣe kù díẹ̀ kó parí, kọ̀ǹpútà kú pi. Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Olùwádìí wá wọlé, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ló bà á jẹ́. Ẹ fojú inú wò ó kí ebi máa pani, kí wọ́n tún fẹ̀sùn èké kanni!

Àwọn tí ebi ń pa, tí wọn ò sì ronú lórí ọkàn wọn tẹ́lẹ̀, ló gbaná jẹ jù: wọ́n ní inú ń bí àwọn, wọ́n ní olùwádìí náà rorò. Àwọn tí ebi ń pa bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fara balẹ̀ wo inú ara wọn, kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ebi kan náà ni o. Ẹni tí kò mọ̀ pé inú òun ni wàhálà ti wá ló ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ohun tí mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì gbọ́ nìyẹn. Ọmọ tó lè dúró, tó lè sọ pé “ebi ló ń ṣe mí báyìí”, ti gba ìdajì ọ̀nà kúrò nínú ìkanra yẹn. Kì í ṣe àwáwí. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n nínú ààwẹ̀: bí ẹnìkan bá bú aláàwẹ̀ tàbí tó fẹ́ bá a jà, wọ́n ní kó sọ pé aláàwẹ̀ ni òun. Sísọ ọ́ jáde ló ń ká ènìyàn lọ́wọ́ kò. Ààwẹ̀ yẹn kan náà ló sì jẹ́ ẹ̀rí pé ebi ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú kó gbá ilẹ̀kùn. Nítorí náà, Bàbá Ìbejì ò jẹ̀bi tán, Kẹ́hìndé ò sì jàre tán.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ọbẹ̀. Ilé ìdáná ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní London ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ, èmi náà ni mo sì ń da àjẹkù nù. Àwọn ọkùnrin tó tó Kẹ́hìndé, bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n á jẹ yógọ́ọ̀tì, wọ́n á bu búrẹ́dì jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ti gbogbo rẹ̀ sápá kan, wọ́n á sá jáde kí àyè má baà tán lórí pápá. Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá nínú fúláàsì, mo ti rí i tí àwọn kan ò ṣí i rárá, nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn kan sọ pé ó ń rùn. Wọn ò ní sọ fún yín nílé. Ẹ ṣí báàgì Kẹ́hìndé wò nígbà tó bá wọlé, kí ẹ tún wo ti Táyé. Mo fura pé ẹ máa rí ìyàtọ̀. Ní London níbí, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Lọ́dọ̀ yín, Year 2, kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje, ni ọ̀fẹ́ gbogbogbòò parí sí, nítorí náà àwọn ìbejì ti lé níbẹ̀, ohun tí ẹ bá dì fún wọn tàbí tí ẹ sanwó rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ aago méjìlá, tí kò sì jẹ ẹ́ tán, tó jẹ́ pé ẹ̀yin ti ibi iṣẹ́ dé láago mẹ́fà kí ẹ tó gbé omi ẹ̀bà kaná, ìgbà wo ló máa jẹun? Àwọn òyìnbó máa ń fún ọmọ ní oúnjẹ alẹ́ láago márùn-ún. Àwa lọ gbé aago oúnjẹ Ìbàdàn wá, a sì fi agogo ilé ìwé òyìnbó jí ọmọ. Àárín méjèèjì ni ilẹ̀kùn ti ń gbá.

Ohun tí mò ń ṣe fún tèmi kò le. N kì í bi í ní ìbéèrè kankan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, kò sí “báwo ni spelling?”, kò sí “kí ni tíṣà sọ?” Mo á kọ́kọ́ na móínmóín sí i, tútù tàbí gbígbóná. Bí kò bá sí móínmóín, ẹyin bíbọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Súwíìtì àti bísíkíìtì nìkan ò dáa, torí wọ́n á gbé ṣúgà rẹ̀ sókè, kò sì ní pẹ́ tó tún máa já wálẹ̀. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì àti èpà lílọ̀ ló fẹ́ràn, nínú mọ́tò ni kó ti jẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ìwé níbí ò gba èpà láàyè rárá nítorí àwọn ọmọ tí ara wọn kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó bá jẹun tán, tí ojú rẹ̀ ti rọ̀, ìgbà yẹn lẹ lè bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ o. Kó padà lọ pa ilẹ̀kùn yẹn dé jẹ́jẹ́. Kó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kó bẹ Táyé, kó bá yín gbé àwòrán yẹn kọ́ padà. Ní ti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà sọ ọ́ ni kí ẹ kọ́ ọ. Kó tó gbá ilẹ̀kùn ni kó sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kó sì sọ ọ́ bí ọmọ Yorùbá: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ebi ń pa mí, ó ti ń mú mi kanra.” Tèmi máa ń sọ ọ́ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “kanra” ń di “kanla” lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan tó kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ: bí ẹ bá rí i pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń lọ tọ̀ léraléra, tó ń rù, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ rí GP, dókítà àdúgbò yín, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ ọmọdé máa ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró de ọjọ́ kejì.

Ó wá ku Bàbá Ìbejì. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí wọ́n fò dìde yẹn. Lọ́dún 2014, Brad Bushman ti Yunifásítì Ohio State gbé ìwádìí kan jáde lórí tọkọtaya 107. Lálaalẹ́, fún ọjọ́ 21, wọ́n fún ọkọ àti ìyàwó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọmọlángidi kan tó dúró fún ẹnìkejì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ 51: bí inú bá ṣe bí ọ sí ẹnìkejì rẹ tó lónìí, gún un tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé oògùn ni, ìwọ̀n ìbínú ni wọ́n fi ń wọ̀n. Wọ́n tún ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn tí ṣúgà wọn lọ sílẹ̀ lálẹ́ ló ń gún abẹ́rẹ́ jù. Ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka èsì yìí sí wọn létí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti jẹ ẹ̀bà wọn tán.